Irinwó Àga Lé Méjìlá

3.

…tíì tó wà lọ́wọ́ Àlàájà Inṣira kò sì tíì tutù tí ariwo fi bẹ́ sílẹ̀ níwájú Sinimá Nawras.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi le.

Àwọn ọmọ fíìmù dúró lápá ọ̀tún, lábẹ́ pátákó sinimá. Àwọn ọmọ géèmù dúró lápá òsì, níwájú ṣọ́ọ̀bù Ṣihab níbi tí wọ́n ti ń gbá géèmù. Àárín ọ̀nà ni àga Àlàájà Inṣira wà, ìyá arúgbó tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní Nawras. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá, kó yà fún un.

Gbogbo Port Said ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.


4.

OHUN TÍ WỌ́N SỌ (Basant, ọmọ ọmọ Inṣira, ló gbà á sórí fóònù)

BASANT: Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin la ti ń dúró de apá kejì *Atukọ̀*. Dalal, obìnrin atukọ̀ yẹn, gbé àáké sókè, okùn méjì wà níwájú ẹ̀, ni wọ́n bá ní fíìmù parí. Mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà yẹn.

ṢIHAB: Ta ló ní kó o máa dúró? Máa bọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi, wá gbá géèmù *Atukọ̀*. Mo ti gé okùn yẹn lẹ́gbẹ̀rún ìgbà. Mo gé tọ̀tún, omi gbé ọkọ̀ àbúrò ẹ̀ lọ. Mo gé tòsì, ọkọ̀ epo kọ lu ìlú, ìlú jóná. Mo tún gé méjèèjì pọ̀, kí n ṣáà rí i.

BASANT: Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

ṢIHAB: Géèmù dákú.

(Ẹ̀rín.)

BASANT: Ṣé o rí ara ẹ? Ẹni tó lè tún un gé, kò tíì gé nǹkan kan. Ti fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó dunni.

ṢIHAB: Ti fíìmù, ẹ kàn jókòó bí àpò àlùbọ́sà ni. Ẹ̀yin ń wo Dalal. Àwa ni Dalal.

INṢIRA: Ìwọ ni Dalal? Tòun ti irùngbọ̀n yẹn?

(Ẹ̀rín púpọ̀. Ẹnì kan ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀.)

ṢIHAB: Àlàájà, ẹ̀yin náà ẹ dá sí i. Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?

INṢIRA: Èyí tí àga ẹ̀ bá kún.


5.

LẸ́TÀ ÀWỌN TÓ Ń PÍN FÍÌMÙ, TÓ WÀ LÁRA ÒGIRI YÀRÁ WAGDI
(Wagdi ló ni Sinimá Nawras báyìí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ.)

Ọ̀gbẹ́ni Wagdi,

A rí ìwé ẹ̀bẹ̀ yín gbà. A ó fún yín ní *Atukọ̀, Apá Kejì*. Ìfihàn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Bí gbogbo àga irinwó lé méjìlá bá kún ní ìfihàn náà, fíìmù yìí yóò wà lọ́wọ́ yín, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ náà yóò sì máa dé ọ̀dọ̀ yín. Bí kò bá kún, a ó gbé e lọ sí sinimá tuntun tó wà nínú ilé ìtajà ńlá lẹ́yìn ìlú.

Aṣojú wa, Ọ̀gbẹ́ni Lutfi, yóò wá ka orí.

*Ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bírò Wagdi:* Bí kò bá kún, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ọkùnrin tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta.


6.

Inṣira kò lọ sílé ìwé. Nọ́ńbà ló mọ̀ kà, àti lẹ́tà díẹ̀ tó fi ń dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀. Basant ló ka lẹ́tà náà sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, kò jẹ́ kó ka ti ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Nawras nígbà náà ni láti fi tọ́ọ̀ṣì júwe àga fún ẹni tó bá wọlé nínú òkùnkùn. Ẹ̀yìn ló máa ń fi rìn. Bàbá Wagdi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: kọjú sí àlejò rẹ, tan iná síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, kí o sì máa fi ẹ̀yìn lọ.

Nítorí náà, nínú gbogbo fíìmù tó kọjá ní Nawras fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú àwọn èèyàn ni Inṣira wò.

Ó mọ èyí tó dùn. Ó mọ èyí tí kò dùn. Ó mọ èyí tí ọkùnrin á fi ṣe bí ẹni pé eruku ló kó sí òun lójú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn, kò mọ ẹyọ kan.

Àga náà ńkọ́? Ìlà mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àfi ìlà tó kẹ́yìn, tó jẹ́ méjìlélógún, nítorí òpó tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, á sọ ọ́ fún yín. Á tún sọ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì.


7.

OHUN TÍ ÀLÀÁJÀ INṢIRA RÁNTÍ
(Basant kọ ọ́ sórí ojú ewé àwọn ọmọ fíìmù. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kà á.)

— Pé àwọn èèyàn ìgbà yẹn kì í dákẹ́. "Wo ẹ̀yìn ẹ!" ni wọ́n máa ń ké sí ọkùnrin inú fíìmù. Tí kò bá wo ẹ̀yìn, wọ́n á bú ìyá ẹ̀.

— Pé tí òpin fíìmù ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ò ní dìde. Bàbá Wagdi á gòkè lọ, á yí apá tó kẹ́yìn padà, á tún fi hàn wọ́n. Ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní ó ti sàn díẹ̀.

— Pé nígbà ogun, ìjọba kó gbogbo ará ìlú kúrò nílé. Fíìmù kan wà lójú ògiri lọ́jọ́ tí àṣẹ dé, wọ́n dá a dúró ní ìdajì. Ọdún márùn-ún ni ilé fi ṣófo. Nígbà tá a padà dé, a ò tíì gbá iyanrìn kúrò nílẹ̀ tí àwọn kan fi dé ẹnu ọ̀nà Nawras, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí lọ́wọ́ wọn, ó ti pọ́n bí ewé tábà. Wọ́n ní àwọn wá wo èyí tó kù.

— Pé bàbá Wagdi gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó wò ó, ó ní kí wọ́n wọlé.

— Pé ọdún yẹn lòun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn sì ni apá kejì àkọ́kọ́ tóun mọ̀.

*Ṣihab kọ sísàlẹ̀ rẹ̀:* Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dá a padà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n wá bá a níbi tí wọ́n fi í sí. Géèmù làwọn ìyá wa ń gbá látìgbà láéláé, wọn ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni.

*Basant dá a lóhùn:* Nínú òkùnkùn kan náà ni gbogbo wọn jọ jókòó. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ àti gbohùngbohùn etí ẹ.


8.

OHUN TÍ WỌ́N SỌ NÍ YÀRÁ WAGDI (ọjọ́ kejìdínlógún ààwẹ̀)

WAGDI: Nígbà ayé bàbá mi, "Ọjọ́ Kìn-ín-ní Ọdún" la máa ń kọ sára ìwé ìpolówó. A kì í dárúkọ ọjọ́.

BASANT: Ọ̀gá Wagdi, àwọn ará Damietta ń bọ̀, àwọn ará Ismailia ń bọ̀. Awakọ̀ ò mọ "ọjọ́ kìn-ín-ní". Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Ọjọ́bọ̀ ni àbí Ọjọ́ Ẹtì.

WAGDI: Ẹ jẹ́ ká dúró kí oṣù lé.

INṢIRA: Kọ Ọjọ́ Ẹtì.

WAGDI: Àlàájà…

INṢIRA: Kọ Ọjọ́ Ẹtì, mo ní! Èmi ni mo dúró lórí òrùlé tí mo wo oṣù yìí nígbà tó lé. Tínínrín báyìí, bí èékánná ọmọ tuntun. Oṣù tó bá tínínrín bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń lò. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń gbààwẹ̀.

WAGDI: Ó dá yín lójú?

INṢIRA: Wagdi. Ṣé mo ti júwe àga tí kò sí fún ẹnikẹ́ni rí?

(Wagdi fa bírò jáde.)

WAGDI: Ọjọ́ Ẹtì náà nìyẹn.


9.

(Bíi ti 1 àti 2, ìwé yìí náà ni wọ́n fi di kaaki, bisikíìtì ọdún. Ó kù díẹ̀ tó ṣeé kà: "…àwọn ọmọ géèmù ti búra pé àwọn àti àlejò àwọn ni yóò jọ wọlé, pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní kọ́kọ́ yọjú wò ó…")


10.

Ọ J Ọ́ &nbsp; Ẹ T Ì
AAGO MẸ́WÀÁ ÒWÚRỌ̀
SINIMÁ NAWRAS, PORT SAID
ATUKỌ̀, APÁ KEJÌ
Okùn wo ni Dalal máa gé?

*Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí èyí tó wà lára ṣọ́ọ̀bù Ṣihab:* Ẹ̀yin ọmọ géèmù, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

*Bírò dúdú, lábẹ́ rẹ̀:* Ẹ̀yin ọmọ fíìmù, ẹ kó ọwọ́ yín kúrò lápò.

Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n tẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n lẹ̀.


11.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn tí wọ́n kírun àṣálẹ́ tán:

*Oṣù ti lé. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, ni ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún.*


12.

Ìlú bú sáyọ̀. Wọ́n ń yin ìbọn ọdún. Àwọn ọmọdé ń sáré lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin tó wà ní ilé kejì ti yọjú lójú fèrèsé, ó ń ké pé, "Àlàájà, ẹ kú ọdún o! Ẹ kú ìyèdún!"

Inṣira jókòó sídìí tábìlì. Ṣúgà kaaki wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Kò lè nù ún.

Ó ń ka àga.

Ó kà á láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà kẹrìndínlógún. Kò sí èèyàn kankan lórí wọn.

"Màmá àgbà," ni Basant wí.

"Mo gbọ́."

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

"Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi oṣù?"


13.

OJÚ EWÉ ÀWỌN ỌMỌ FÍÌMÙ, ALẸ́ ỌJỌ́RÚ

BASANT: Ẹ DÁKUN!!! Kì í ṣe Ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ọ̀LA ni. Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́wàá. Bí àga ò bá kún lọ́la, Nawras parí nìyẹn.

— Ọjọ́ Ẹtì ló wà lára ògiri ilé wa.

— Ó wà lára tiwa náà.

— Ìyá mi ní kí n wá bá òun yan kaaki.

— Ta ló ṣírò ọjọ́?

— Bẹ́ẹ̀ ni o, ta ló ṣírò ọjọ́??

— Basant, à ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

(Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, láti inú fóònù Basant:) "Èmi ni. Inṣira. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ bínú sí mi dáadáa. Tẹ́ ẹ bá bínú tán, kẹ́ ẹ wá."


14.

OHUN TÍ INṢIRA ÀTI ṢIHAB SỌ LÓRÍ FÓÒNÙ

INṢIRA: Mélòó làwọn àlejò ẹ?

ṢIHAB: Wọ́n lé nígba, Àlàájà. Bọ́ọ̀sì márùn-ún. Ismailia, Damietta, títí dé Suez. Ọjọ́ Ẹtì la bá àwọn awakọ̀ sọ. Ọ̀la, kò sí awakọ̀ tó máa fi ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

INṢIRA: Àwọn tìẹ tó wà nílùú yìí ńkọ́?

ṢIHAB: Ẹ bi mí ní òmíràn, Àlàájà.

INṢIRA: Ṣihab.

ṢIHAB: A ti búra, Àlàájà. A ní ká jọ wò ó, àwa pẹ̀lú wọn. Tí mo bá ti mọ okùn tó gé kí wọ́n tó dé, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?

INṢIRA: Mi ò ní kó o da ìbúra ẹ.

ṢIHAB: Ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ó sàn ju bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ báyìí.

INṢIRA: Ọ̀bọ.

ṢIHAB: Ẹ ṣé, Àlàájà.


15.

Yídì wà lẹ́bàá òkun. Gbogbo ìlú ló máa ń jáde síbẹ̀: ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn, ọmọdé níbi gbogbo pẹ̀lú bàlúùnù.

Inṣira dúró títí wàásí fi parí. Lẹ́yìn náà ló gun àpótí ẹja kan. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé. Basant di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin obìnrin Port Said! Ẹ kú ọdún. Ẹ má tíì lọ sílé. Èmi Inṣira ni mo ní Ọjọ́ Ẹtì. Irọ́ ni. Òní ni. Aago mẹ́wàá, ní Nawras."

"Àlàájà, kaaki ń dúró dè wá nílé!"

"Kó o dání! Lónìí, mo gbà kí wọ́n jẹun níbẹ̀."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ẹ̀gúsí yíyan lọ́wọ́ mi lójú ọkọ àfẹ́sọ́nà mi?"

"Èèpo ẹ̀ lò ń tu sórí èèyàn níwájú. Ìwọ Hikmat, ìlà keje, àga kọkànlá. Mi ò tíì gbàgbé."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ náà fa tiwọn.

"Ìwọ náà, ìlà kẹta! Ìwọ, ìlà kẹsàn-án, o máa ń sùn! Máa bọ̀, wá sùn lónìí!"

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò yíjú. Ó kọjú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

Láti etí òkun dé Nawras, ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ló fi rìn ín. Ìlú ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ tuntun, pẹ̀lú bàlúùnù, pẹ̀lú abọ́ kaaki. Ọkọ̀ ń yà fún un.


16.

Ìlà 1 &nbsp; kún
Ìlà 2 &nbsp; kún
Ìlà 3 &nbsp; kún
Ìlà 4 &nbsp; kún
Ìlà 5 &nbsp; kún
Ìlà 6 &nbsp; kún
Ìlà 7 &nbsp; kún (ẹ̀gúsí yíyan)
Ìlà 8 &nbsp; kún
Ìlà 9 &nbsp; kún (ọ̀kan ti ń sùn)
Ìlà 10 &nbsp; kún
Ìlà 11 &nbsp; kún
Ìlà 12 &nbsp; kún
Ìlà 13 &nbsp; kún
Ìlà 14 &nbsp; kún
Ìlà 15 &nbsp; kún
Ìlà 16 &nbsp; ■■■■■■■□□□□□□□□□□□□□□□


17.

Ọ̀gbẹ́ni Lutfi jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ tó ń dún *kẹ́* bí ó bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà á sì pọ̀ sí i.

LUTFI: Irinwó dín mẹ́ta.

WAGDI: Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù. Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

LUTFI: Aago mẹ́wàá ti lù.

WAGDI: Ọ̀gbẹ́ni, ọjọ́ ọdún ni.

LUTFI: Mo mọ̀. Èmi náà ìbá wà lọ́dọ̀ àna mi, ìhín ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ.

Ó kọ ọ́. *Kò kún.*


18.

Wọ́n ṣáà fi fíìmù náà hàn.

Inṣira dúró sí ọ̀nà àárín, ó fi ẹ̀yìn sí ògiri funfun, bó ti ṣe rí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ń wo ojú wọn.

Nígbà tí àáké gòkè, irinwó èèyàn dín mẹ́ta ni kò mí.

Ẹnì kan ké láti ìlà kejìlá: "Tọ̀tún! Gé tọ̀tún!"

Ẹlòmíràn: "Ṣé o ya wèrè ni? Àbúrò ẹ̀ ńkọ́?"

Gbogbo ilé dìde dúró. Ìyá àtọmọ ń bá Dalal jà. Basant, tó ti ń ṣépè fún ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, gun orí àga, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni pé àáké wà níbẹ̀.

Àáké balẹ̀.

Inṣira rí i lójú wọn pé ó ti balẹ̀. Irinwó ojú dín mẹ́ta ló jọ là lẹ́ẹ̀kan náà. Rárá, kò rí okùn náà. Kò sì bèèrè.

Láàárín gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣáà ń lọ sí ìlà kẹrìndínlógún.


19.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Wagdi ń fi kọ́kọ́rọ́ Nawras lu itan.

Inṣira ní, "Bú mi."

Wagdi ní, "Ẹ ti kó irinwó èèyàn láti etí òkun wá, Àlàájà. Ẹ̀yìn lẹ fi rìn. Kí ni kí n bú?"


20.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ SÍ FÓÒNÙ BASANT, ỌJỌ́ ẸTÌ, AAGO MẸ́JỌ ÀÁBỌ̀ ÒWÚRỌ̀

ṢIHAB: Jí ìyá àgbà.

ṢIHAB: Má sọ nǹkan kan fún wọn o. Ní kí wọ́n ṣáà wá sójú fèrèsé.


21.

Bọ́ọ̀sì márùn-ún.

Rárá, márùn-ún ni tàwọn ọmọ géèmù. Lẹ́yìn wọn ni ti àwọn ará abúlé tó ń pẹja. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi sọdá láti Port Fuad, tí kò gbọ́ ti Ọjọ́bọ̀, tí kò lọ sí yídì ìhín, tí ìwé ara ògiri nìkan wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn ti ya ìwé náà kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e lọ́wọ́ bí ìwé ìpè.

ỌJỌ́ ẸTÌ, ló wà níbẹ̀. AAGO MẸ́WÀÁ.

Àwọn ọmọ géèmù wọ ẹ̀wù atukọ̀. Gbogbo wọn. Obìnrin, ọkùnrin, onírùngbọ̀n, gbogbo wọn ni Dalal.


22.

OHUN TÍ WỌ́N SỌ LẸ́NU Ọ̀NÀ NAWRAS
(Basant ló gbà á. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.)

ṢIHAB: Kí lẹ̀yin ń ṣe nínú ìlà wa? Ṣé ẹ ò ti wò ó lánàá ni?

BASANT: A tún fẹ́ wò ó.

ṢIHAB: Ẹ TÚN kí ni? Ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni! Ẹ ní ìyẹn ló ń dunni!

BASANT: Má dá mi lẹ́jọ́ níta gbangba. Mo fẹ́ rí i bóyá ó máa gé òmíràn lónìí.

ṢIHAB: Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ọmọ géèmù tuntun rèé!

BASANT: Ìwọ wá ńkọ́, tó o fi ọjọ́ kan gbáko di ojú àti etí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ fún ẹ? Ta ló kọ́ ẹ ní sùúrù bẹ́ẹ̀? Àwa ni!

(Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.)

WAGDI: Ẹ yàgò, ẹ yàgò. Ọ̀gbẹ́ni Lutfi ń bọ̀.

LUTFI: Ilé àna mi ni mo wà tí mo gbọ́ ariwo. Kí lèyí?

INṢIRA: Àwọn olùwòran ni.

LUTFI: Àlàájà, mo ti kọ ìwé mi. Àná ni ọjọ́ kìn-ín-ní.

INṢIRA: Òótọ́ ni.

LUTFI: Oṣù ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

INṢIRA: Mi ò bá oṣù jà mọ́. Àṣìṣe ni, tèmi sì ni. Kọ ọ́ síbẹ̀, má fi bò: Inṣira ṣi oṣù kà. Ṣùgbọ́n bá mi wo àṣìṣe náà, Ọ̀gbẹ́ni. Wo bó ṣe gùn tó. Orí ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, ìrù ẹ̀ ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi.

(Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Màmá, ṣé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn?")

INṢIRA: Wọ́n ń ṣí i lọ́wọ́, ọmọ mi!

LUTFI: Mi ò lè ṣèlérí. Àwọn ọ̀gá mi lè ní ọjọ́ kìn-ín-ní làwọn kọ, kì í ṣe ọjọ́ kejì.

INṢIRA: Ta ló ní kó o ṣèlérí? O ní ohun tó o bá rí lò ń kọ.

LUTFI: Bẹ́ẹ̀ ni.

INṢIRA: Ṣé o ń rí i?

(Lutfi ń wo ìlà náà láti orí dé ìrù.)

LUTFI: Mo ń rí i.

INṢIRA: Ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ dà?


23.

Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà àná yí, ó yí, ó di òdo mẹ́ta.

Wagdi ṣí apá ilẹ̀kùn kan. Ó wo ìlà àwọn èèyàn. Ó ṣí apá kejì, èyí tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ké bí ewúrẹ́.

Inṣira wà nínú. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó tan iná sí ilẹ̀.

"Ẹ kú ọdún. Ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́, àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀. Ìlà kìn-ín-ní, àga kìn-ín-ní. Ẹ̀yin onírùngbọ̀n, ẹ máa sún."


24.

*kẹ́*

001

*kẹ́*

002

*kẹ́ kẹ́*

003
004


060 &nbsp;&nbsp; (Suez, tí wọ́n ń kọrin)


131 &nbsp;&nbsp; (ìyá kan tó ní òun kò mọ Dalal rí, pé èrò lòun rí tóun tò sẹ́yìn wọn)


208


209 &nbsp;&nbsp; (Basant)


210 &nbsp;&nbsp; (Ṣihab. Wọ́n ṣì ń jiyàn.)


333


390 &nbsp;&nbsp; (ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún kún)


391


"Ìlà kẹrìndínlógún. Ẹ ṣọ́ra fún òpó."


395


396


397


Nọ́ńbà àná nìyẹn. Lutfi gbé ojú sókè wo Inṣira. Inṣira kò wò ó. Ojú ẹni tó ń wọlé ló ń wò.


*kẹ́*


398